Oúnjẹ Ọwọ́ Fàsílátù

Bí ẹ bá pàdé mi lójú ọ̀nà, ẹ kò ní gbà pé ọ̀rá ń yọ mí lẹ́nu. Mo tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ọmọ ọ́fíìsì a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá ti ń ṣú, kí ẹnìkan tètè di Àlàájà Safurat mú kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún mi pé ọ̀rá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, mo ní kó tún orúkọ tó wà lórí ìwé náà kà dáadáa, ó lè jẹ́ pé èsì ẹlòmíràn ló gbé lé mi lọ́wọ́.

Ó tún un kà. Ó ní èmi ni.

Òòyì ló ń kọ́ mi tí ọmọ mi, Adébísí, tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì l'Óṣogbo, fi dandan lé e pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Ìwó. Wọ́n ní kí n má fi nǹkan kan kan ẹnu láti alẹ́ títí wọn ó fi fa ẹ̀jẹ̀ mi láàárọ̀, àfi omi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà Ayọ̀ọlá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lè jẹ́ àbúrò Adébísí, ló wá ṣàlàyé èsì rẹ̀ fún mi. Ó ní oríṣi ọ̀rá méjì ni àwọn yẹ̀ wò. Èkínní ni kọlẹsitẹ́rọ́ọ̀lù, tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí epo ṣe máa ń dì sínú páìpù ibi tí a ti ń fọ abọ́. Èkejì ni tiraigilísẹ́ráìdì, èyí tí ọ̀rá ẹran, iyán àjẹyó àti ohun mímu aládùn máa ń mú kó pọ̀ sí i. Ó ní kò yẹ kí èkejì yìí kọjá àádọ́jọ, tèmi sì ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Mo bi í pé báwo ni ọ̀rá ṣe máa pọ̀ lára ẹni tí kò sanra. Ó ní sísanra kọ́, pé ó máa ń wá láti ìdílé nígbà mìíràn. Ó bi mí nípa àwọn òbí mi.

Bàbá mi ṣubú lóko láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò dìde mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣubú ní balùwẹ̀ n'Íbàdàn, òun náà kò dìde. Nígbà méjèèjì, ayé la sọ pé ó ṣe é. A tilẹ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe ti bàbá mi, obìnrin àdúgbò wa kan ni, kò sì sí ẹni tó kí i mọ́ títí ó fi kú. N kò sọ èyí fún dókítà. Mo kàn ní wọ́n ti kú.

Ó kọ oògùn fún mi. Atofasitátìnì lorúkọ rẹ̀, ẹyọ kan lálaalẹ́. Ó ní kì í ṣe oògùn ibà tí èèyàn ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta kó gbé e jù, pé bí n kò bá fẹ́ kí ọkàn mi tàbí ọpọlọ mi dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, n ó máa lò ó lọ ni. Bí ẹran ara bá ń ro mí ju bó ti yẹ lọ, kí n padà wá sọ fún òun. Ó ní kí n dín ọ̀rá kù, kí n dín iyán kù, kí n dín ẹ̀gúsí elépo kù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Ó ní kí n dín in kù. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tó mọ bí wọ́n ti ń dín nǹkan kù. Bí mo bá ní n kò ṣe, n kò ṣe náà nìyẹn. Ọkọ mi máa ń sọ pé orí mi le ju ọlọ lọ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo sọ fún Adébísí lórí fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, lẹ́yìn náà ó ní kí n gbọ́ òun. Ó ní, "Màmá mi, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Kódà Ìyá Lateef. Ẹni bá mọ oògùn tí èèyàn ń lò ló mọ ibi tí ó ti máa mú un." Ó kàwé gboyè méjì, ó sì ń sọ báyìí. Ẹ má bú u, èmi ni mo kọ́ ọ. Nílé wa, a kì í tú àìsàn wa sílẹ̀ fáyé. A máa ń ní ara le, a dúpẹ́, títí wọn ó fi gbé wa jáde. Mo sọ fún un pé n kò ní sọ.

Ìyá Lateef tó dárúkọ yẹn ni Fàsílátù.

Ilé kan náà ni èmi àti Fàsílátù gbé nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, yàrá kọjú sí yàrá. Ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí ló ń tà ní ọjà Odò-Orí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọọjọ́ Jímọ̀. Bí a bá ti kírun tán, ilé rẹ̀ ni mò ń gbà lọ tààrà, aṣọ mọ́sálásí ṣì máa wà lọ́rùn mi. Iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí bòkótó pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé èèyàn máa wá ẹ̀gúsí tì. Awo kan la ti ń jẹ ẹ́. Fàsílátù á kan egungun mọ́ etí awo, mùdùnmúdùn á já bọ́, á fi ìka tì í sí apá ọ̀dọ̀ mi. N kò rí i kó jẹ mùdùnmúdùn rí lójú mi. Mo máa ń ní kó jẹ ẹ́, á ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀, irọ́ sì ni.

Nígbà tí ọkọ mi kú, tí Adébísí sì ti wà l'Óṣogbo, oúnjẹ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn nìkan ni mò ń bá èèyàn jẹ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, èmi àti rédíò la jọ ń jẹun. N kì í sọ ọ́ fún Fàsílátù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́bọ̀ ni inú mi ti máa ń dùn.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo gba oògùn, mo ní mo gba ààwẹ̀. Ó wò mí. Ó ní ta ló ń dá ọjọ́ Jímọ̀ nìkan gba ààwẹ̀, ṣé ààfáà kò kọ́ mi ni. Jímọ̀ kejì, mo ní ehín ń dùn mí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi fi ọbẹ̀ rin iyán kó lè rọ̀, mo ní rárá. Jímọ̀ kẹta, mo ní mo ti jẹun nílé. Níbi tiwa níbí, bí ọ̀rẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá jókòó síwájú oúnjẹ ẹni, tó wá ní òun ti jẹun nílé, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ń sọ pé òun kò fọkàn tán ọwọ́ tó se é. Èmi náà mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rò ó, tó sì lé èrò náà dànù, nítorí ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa sanra nílé nígbà náà.

Jímọ̀ kẹrin, n kò lọ. Ó rọ̀ mí lọ́rùn ju irọ́ pípa lọ. Òórùn ọbẹ̀ náà ń dán mi wò, ojú rẹ̀ ń tì mí, mo sì ti ṣèlérí fún ọmọ mi. Mo jáde ní mọ́sálásí, mo wọ kẹ̀kẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà ilé mi. Mo se ẹ̀wà tí kò ní epo, mo jẹ ẹ́, mo gbé rédíò síwájú. Ẹ̀wà náà, ọwọ́ Fàsílátù ni mo ti rà á.

Nínú oṣù kẹta ọdún ni nǹkan bàjẹ́. Lateef, ọmọ Fàsílátù, ní ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Humairah, ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé e wá kí ìyá bàbá rẹ̀, ó sì jẹ mọ́ínmọ́ín méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ara rẹ̀ gbóná, ó ń bì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kú. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ní ibà ló wọ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sin ín, ìyá ìyá ọmọ náà pariwo láàárín èrò pé kí ni ọmọ òun jẹ gbẹ̀yìn, ọwọ́ ta ló ti jẹ ẹ́. Gbogbo ojú ló yí sí ọ̀dọ̀ Fàsílátù. Àwọn èèyàn wa ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọn kì í dúró kí ẹnikẹ́ni dáhùn ìbéèrè yẹn.

Èmi kò gbà á gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí. Kò sí ọjọ́ kan tí mo gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe fìdáù. Fàsílátù fúnra rẹ̀ ló dáná, ìrẹsì àti ẹran, ó ní òun kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn se sààráà ọmọ òun. Obìnrin tó wá tó ogójì. Gbogbo wọn ló gba oúnjẹ, wọ́n sì dúpẹ́, wọ́n dì í sínú náílọ́ọ̀nù pé àwọn máa jẹ ẹ́ nílé. Mo ti kọjá níbi gọ́tà ìkóríta kí n tó wọlé, mo ti rí náílọ́ọ̀nù àwọn tó kọ́kọ́ lọ níbẹ̀, ajá ń fà á ya. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́, àǹjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnìkan. Ti Fàsílátù kò tilẹ̀ dúró dìgbà tó máa kú.

Ó gbé tèmi wá fúnra rẹ̀, nínú awo tí a ti ń jẹ iyán. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi, kò sì lọ. Ó dúró. Ẹran olọ́ràá ńlá méjì wà lórí ìrẹsì náà, òróró ń dán lára wọn. Oògùn mi wà nínú pọ́ọ̀sì lábẹ́ apá mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ: Fàsílátù, oògùn ọ̀rá ni mò ń lò. Mo wo àwọn obìnrin tó yí mi ká. Mo rántí Adébísí. Mo sì gbọ́ tí ẹnu mi sọ ohun tó ti mọ́ ọn lára.

"Mo ti jẹun."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé awo náà, ó padà sí ìdí àdògán. Mo sọ fún ara mi pé bí èrò bá tú ká, n ó lọ bá a ṣàlàyé. Èrò tú ká, àwọn ẹbí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo lọ sílé. Mo ní ó di ọ̀la.

Ọ̀la náà di ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àsàláátù wa, Ìyá Ismaeel, obìnrin kan tó máa ń gbọ́ ìròyìn kí ìròyìn tó ṣẹlẹ̀, sún mọ́ mi lórí ẹní. Ó ní, "Àlàájà, mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà kò jẹ oúnjẹ níbẹ̀ mọ́." Àwọn méjì mẹ́ta tó wà nítòsí dákẹ́, wọ́n ń dúró de ohun tí mo máa sọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà níbẹ̀. Bí mo bá ní irọ́ ni, wọ́n á ní kí ló dé tí n kò jẹ nígbà náà, n ó sì ní láti mú oògùn mi jáde. Mo ní kí a jẹ́ kí a gbàdúrà, ààfáà ti jókòó. Ìyá Ismaeel mi orí pé ó yé òun.

Ó sì yé e lóòótọ́, lọ́nà tí òun gbà gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí, ojú ń tì mí láti rí Fàsílátù. Bí ọjọ́ ti ń lọ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ń wúwo sí i. Mo ń lo oògùn mi. Ẹyọ kan lálaalẹ́ lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, n kò fo ọjọ́ kan. Mo ń jẹ ẹ̀fọ́, mo ń jẹ ẹja tútù, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn dé òpin àdúgbò wa láàárọ̀. Adébísí máa ń bi mí lórí fóònù pé ṣé mo ti lò ó, n ó ní mo ti lò ó, á ní ó dáa, òun fẹ́ wọ ìpàdé. Ilé dákẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ló burú jù. Ebi kì í pa mí, ṣùgbọ́n n kì í mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Mo sunkún lọ́jọ́ kan nítorí pé mo kan egungun ẹja mọ́ etí awo, kò sì sí ẹni tó wà lódì kejì.

Oṣù mẹ́ta pé, mo padà lọ fa ẹ̀jẹ̀. Inú Dókítà Ayọ̀ọlá dùn débi pé ó dìde lórí àga. Ó ní èkínní ti wálẹ̀ síbi tí òun fẹ́, èkejì ti fi ọ̀ọ́dúnrún sílẹ̀, ó ti di ọgọ́jọ. Ó ní òun kò tíì rí aláìsàn tó gbọ́ràn tó mi. Ó bi mí ohun tí mò ń jẹ. Mo sọ fún un. Bóyá nítorí pé kò sí ẹni tí mo ti bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan ni, mo sọ fún un pé mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ń jẹ iyán ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, mo sì ti fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá nítorí oògùn yìí.

Ó ní, "Háà, màmá. Mo ní kí ẹ dín in kù ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òkèlè díẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dín epo kù. Ọ̀rẹ́ yín máa gbà."

Ọ̀rẹ́ mi ì bá gbà. Mo mọ̀ dájú pé ì bá gbà, á tilẹ̀ bú mi pé kí ló dé tí n kò tètè sọ, á sì máa ka oògùn mi bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Mo jáde nílé ìwòsàn, n kò lọ sílé. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ní kó gbé mi lọ sí Odò-Orí.

Ìsọ̀ Fàsílátù wà ní títì. Kì í ṣe títì ọjọ́ kan, eruku ti bo àgádágodo. Adébọ́lá tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Ó ní Ìyá Lateef ti kó lọ sí Kuta, sí ilé bàbá wọn, ó ti lé ní oṣù kan. Ó ní ẹni tó ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn kò sí mọ́, Lateef náà ti kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, kò sì pe ìyá rẹ̀ sórí fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Mo bi í pé ìwọ tó mọ obìnrin yìí láti ogún ọdún, ìwọ náà gbà á gbọ́?

Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó mọ̀wà hù ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Àwa kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ni gbogbo wa ń wò. A ní bí ẹ̀yin bá ṣì ń jẹ lọ́wọ́ wọn, irọ́ ni. Ìgbà tí a gbọ́ pé ẹ̀yin náà ti dáwọ́ dúró, kódà ṣáájú kí ọmọ náà tó kú, a ní ẹ ti mọ nǹkan tí àwa kò mọ̀."

Mo dúró níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi, n kò mọ ohun tí mo dá wọn lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Kuta lọ lórí ọ̀kadà. Mo mú ìwé àyẹ̀wò méjèèjì, mo mú páálí oògùn, mo tilẹ̀ mú ìwé tí dókítà fi kọ ọ́, èyí tó ní ọjọ́ lára. Bí ẹni ń lọ sí kóòtù. Fàsílátù jókòó sábẹ́ ìbòòji lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, òun àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti rù. Nígbà tó rí mi, ó dìde, ó kí mi, ó gbé àga fún mi, ó béèrè Adébísí. Ó ṣe gbogbo ohun tí èèyàn ń ṣe fún àlejò, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé igbá ẹ̀gúsí tirẹ̀, ó fi wá sílẹ̀.

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí òòyì dé orí dókítà àti ikú bàbá mi, mo tú àwọn ìwé náà sórí itan rẹ̀. Ó mú páálí oògùn, ó fa káàdì inú rẹ̀ yọ, ó wo ojú ibi tí mo ti tẹ ẹyọ oògùn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó?"

Mo ní oṣù kejì ọdún yìí.

"Ó wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ fìdáù Humairah?"

Mo ní ó wà nínú pọ́ọ̀sì mi.

Ó mi orí. Ó dá káàdì náà padà sínú páálí, ó pa á dé, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ara mi ti ń fúyẹ́ kó tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́, Safurat. Dókítà ní kí o má jẹ ọ̀rá. Ṣé ó ní kí o má wá jókòó tì mí?"

Mo wá sọ ti Ìyá Ismaeel fún un, nítorí n kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ní wọ́n bi mí, mo dákẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní ìbànújẹ́ Humairah pọ̀ lọ́kàn òun débi pé ẹnu àwọn èèyàn kò kọ́kọ́ dun òun, pé ohun tó jẹ́ kí òun kó kúrò ní Ìwó ni pé ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, òun ṣì ń gún iyán èèyàn méjì. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ lórí èèpo ẹ̀gúsí, èmi tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó fà mí dìde, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà láàárín wa. Mo ní n ó sọ ọ́ láàárín ẹgbẹ́ àsàláátù, n ó sọ ọ́ lọ́jà, n ó fi oògùn mi hàn wọ́n. Ó ní kí n sọ ọ́ bí mo bá fẹ́. Ó ní wọ́n á ní òun fi nǹkan dè mí lójú ni mo ṣe ń gbèjà òun.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé iyán ọ̀sán jáde, ó ní àlejò náà máa jẹun o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní Fàsílátù ni kó bù ú fún mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ ẹ́. Ó wò mí pẹ́, ó sì bù ú, iyán kékeré, ọbẹ̀ lórí rẹ̀. Mo fọ ọwọ́ mi. Inú mi ń dùn bí ọmọdé. Mo rò pé bí mo bá ti fi òkèlè kan sẹ́nu lójú ẹbí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tán nìyẹn.

Bí mo ti na ọwọ́, ó gbé awo náà kúrò níwájú mi.

Kò ṣe é tìbínú-tìbínú. Ó gbé e sórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó ní, "Ìwọ fúnra rẹ lo wá sọ fún mi lónìí pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ tó lè mú ọ ṣubú nígbàkígbà, bó ṣe mú bàbá rẹ. Bí o bá jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi lónìí, tí o sì ṣubú lọ́la, ta ni wọ́n máa ní ó pa ọ́?"

Mo ní n kò ní ṣubú. Mo ní oògùn náà ń ṣiṣẹ́, dókítà ní ó ti wálẹ̀.

Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó máa wálẹ̀ sí i. Ó gbé oúnjẹ náà fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé e wọlé, ó sì na etí ìró rẹ̀ sí mi kí n fi nu ọwọ́ mi tó tutù. Lẹ́yìn náà ó sìn mí dé ẹ̀bá títì, ó bá mi dá ọ̀kadà dúró, ó sì kìlọ̀ fún ọlọ́kadà pé kó rọra sáré. Ó ní kí n tètè máa lọ, kí n má baà pẹ́ débi tí n ó fi gbàgbé oògùn mi.